Kéèjì fún ọkọ̀ eré mi: ẹ bá mi wò ó kí n tó gé páìpù

Sáré_Dáadáa kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí gbogbo ilé. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn méjì kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ sọ di ọkọ̀ eré. Ẹ́ńjìnnì ti dúró dáadáa, bíréèkì náà ti dúró. Mo ti tú gbogbo inú rẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì, ìjókòó ẹ̀yìn, aṣọ òrùlé, bọ́dì nìkan ló kù. Ó wá ku kéèjì, àgò irin tí yóò dáàbò bò mí bí ọkọ̀ bá takìtì. Tí mo bá parí, ọkọ̀ náà yóò wúwo tó kílógíráàmù 950. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ bá sáré ń tẹ̀lé òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé: Appendix J, orí 253.

Mo mọ irin jó, iṣẹ́ géètì àti férémù ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n géètì kì í takìtì lórí eré, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Ẹnì kan ní kí n lo páìpù omi torí pé ara rẹ̀ nípọn. Ṣé ó bójú mu? Ṣé kí n fi bóòtù de kéèjì náà ni, àbí kí n jó o mọ́ bọ́dì? Mo sì fẹ́ máa fi ọkọ̀ yìí kan náà jáde sójú títì láàárín ọ̀sẹ̀, ṣé kò séwu? Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Bàbá_Irin kọ:

Àbúrò, inú mi dùn pé o béèrè nígbà tí bọ́dì ṣì ṣófo. Fi ọ̀rọ̀ páìpù sílẹ̀ ná. Ibi ìjókòó ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ra ìjókòó eré tó ní àmì ẹ̀rí, ó kéré tán FIA 8855-1999. Dè é mọ́ ibi tí yóò wà gan-an. Wá jókòó sínú rẹ̀, akoto lórí, bẹ́líìtì lára, ọwọ́ lórí sítíárì, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì. Kí ẹlòmíràn wá wọn àyè tó wà láàárín akoto àti òrùlé, láàárín akoto àti òpó ilẹ̀kùn, láàárín èjìká àti ilẹ̀kùn. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn ni yóò sọ ibi tí irin lè gbà. Ẹni tó bá kọ́ kéèjì tán kó tó wá àyè fún ìjókòó, iwájú orí rẹ̀ tàbí ẹ̀bá etí rẹ̀ ni irin náà yóò wà.

Ọ̀pá tó ṣe kókó jù lọ ni èyí tó wà lẹ́yìn ìjókòó: ó ti ilẹ̀ gòkè lápá kan, ó tẹ̀ lé òrùlé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Ọ̀pá àgbà ni èmi ń pè é. Páìpù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, a kì í so ó láàárín. Kó dúró gbọnrangandan. Òfin tí o dárúkọ kò gbà kó fì ju dígírì 10 lọ, ì báà ṣe síwájú tàbí sẹ́yìn. Kó sún mọ́ ògiri ọkọ̀ tó bó ṣe lè sún mọ́ ọn, torí pé gbogbo sẹ̀ǹtímítà tó bá wọlé wá síhà ọ̀dọ̀ rẹ, ara rẹ ló gbà á lọ́wọ́.

Tí a bá fi igi títọ́ kan lé orí ọ̀pá àgbà àti orí ọ̀pá iwájú, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ síkíríìnì, akoto rẹ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ igi náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń béèrè sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín wọn. Bí o bá ga, ìjókòó ni kó lọ sílẹ̀. Má ṣe ronú pé wàá máa tẹ orí ba nígbà tó o bá ń sáré.

Kó o tẹ orí 253 yẹn jáde sórí bébà, kó o kà á pẹ̀lú ìwé òfin ẹgbẹ́ rẹ. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ti ẹgbẹ́ rẹ ni kó o tẹ̀lé, nítorí àwọn ni yóò yẹ ọkọ̀ rẹ wò.

Ọmọ_Wẹ́dà kọ:

Páìpù omi, rárá o. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kó yé ẹ, kí ẹnikẹ́ni má tún fi í tàn ẹ́.

Kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i pé yóò gba ìlù ọkọ̀ tó ń takìtì. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè là nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́, tàbí kó dúró de ọjọ́ ìjàǹbá kó tó là. Síńkì tí wọ́n fi bò ó lára ń ba ojú ìjó jẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń dá ibà sí wẹ́dà lára. Ìwọ̀n tí wọ́n sì ń fi dárúkọ rẹ̀ lọ́jà, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ohun tí FIA ń béèrè ni páìpù irin tí kò ní ojú ìlẹ̀pọ̀, tí wọ́n fà ní tútù, tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí agbára rẹ̀ kó tó já kò sì dín ní 350 N/mm². Gba ìwé ẹ̀rí irin náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ, kó o tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olùyẹ̀wò yóò béèrè rẹ̀.

Ní ti títẹ̀, má gbé páìpù kéèjì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ páìpù èéfín. Ẹ̀rọ tiwọn máa ń fún inú kọ́nà pọ̀, á sì di pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ tó di páìpù mú yíká ni kó o wá. Tútù ni ká tẹ̀ ẹ́, a kì í fi iná gáàsì rọ̀ ọ́. Rédíọ́ọ̀sì kọ́nà, láti àárín páìpù, gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ páìpù náà: páìpù mílímítà 45, kọ́nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 135. Lẹ́yìn náà fi kálípà wọn kọ́nà náà. Bí ibi tó fẹ̀ jù bá jẹ́ 45, ibi tó tóóró jù kò gbọdọ̀ dín ní 40.5. Èyí tó bá dín, yà á sọ́tọ̀, ó lè wúlò fún géètì.

Ìṣirò_Kìí_Purọ́ kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Fún ọ̀pá àgbà, FIA ní ká yan ọ̀kan nínú méjì: fífẹ̀ mílímítà 45 tí ara rẹ̀ nípọn mílímítà 2.5, tàbí 50 tí ara rẹ̀ nípọn 2.0. Fún ọ̀pá yòókù, 38 × 2.5 tàbí 40 × 2.0.

Bí páìpù ṣe ń kọ títẹ̀, π/64 × (D⁴ − d⁴) la fi ń ṣírò rẹ̀. D ni fífẹ̀ ìta, d ni ti inú. 45 × 2.5 fún wa ní nǹkan bíi 75,600 mm⁴, mítà kan rẹ̀ sì wúwo kílógíráàmù 2.62. 50 × 2.0 fún wa ní 87,000 mm⁴, mítà kan rẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 2.37. Ẹ rí i pé èyí tó fẹ̀ jù ló le jù, òun náà ló sì fúyẹ́ jù. Àmọ́ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́: ó tètè ń tẹ̀ wọnú bí nǹkan bá gbá a lójú kan, iná sì tètè ń lu ú. Ó tún gba mílímítà 5 lórí àyè tí orí nílò. Nínú ọkọ̀ kékeré, 45 × 2.5 ni èmi yóò mú.

Fún àwọn ọ̀pá yòókù, 38 × 2.5 jẹ́ nǹkan bíi 44,100 pẹ̀lú kílógíráàmù 2.19 ní mítà kan. 40 × 2.0 jẹ́ 43,200 pẹ̀lú 1.87. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Bí ọ̀pá wọ̀nyẹn bá gba mítà 20, 40 × 2.0 yóò dín ìwúwo kù ní kílógíráàmù 6 àti díẹ̀. Mo gba 40 níbi gbogbo, àfi ẹnu ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, 38 × 2.5 ló wù mí, torí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ẹlòmíràn ti máa ń wọlé.

Síbẹ̀, bí a ṣe to páìpù ṣe pàtàkì ju bó ṣe nípọn lọ. Ohun onígun mẹ́rin tí kò ní ọ̀pá tó dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, tí a bá ti orí rẹ̀, yóò wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ti wù kí páìpù rẹ̀ le tó. Onígun mẹ́ta kì í wó bẹ́ẹ̀. Àfi kí páìpù fúnra rẹ̀ fà gùn tàbí kó rún. Torí náà, ibi tí ọ̀pá mẹ́ta mẹ́rin bá ti fẹ́ pàdé, jẹ́ kí wọ́n pàdé lójú kan náà.

Kó o lè mọ irú ẹrù tí à ń sọ: kéèjì tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí FIA, wọ́n á fi agbára tó jẹ́ ìlọ́po 7.5 ìwúwo ọkọ̀, pẹ̀lú kílógíráàmù 150 lórí ìwúwo náà, tẹ ọ̀pá àgbà láti òkè, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ ju mílímítà 50 lọ. Fún tìrẹ, 1,100 lọ́nà 7.5 jẹ́ 8,250. Tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lé nìyẹn.

Táyà_Gbígbóná kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ chromoly, irin tí wọ́n po króómù àti mólíbídẹ́nọ́ọ̀mù mọ́? Ṣebí òun ni àwọn tó ń sáré gidi ń lò.

Ọmọ_Wẹ́dà kọ:

Ó dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bó ṣe ń kọ títẹ̀ kí ó tó yí ìrísí padà, bákan náà ló rí pẹ̀lú irin lásán. Agbára tí yóò gbà kó tó já ló fi jù ú lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn òfin kan gbà kí ara páìpù fẹ́lẹ́ sí i. Bí òfin rẹ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, owó lo kàn ń ná. TIG, irú ìjó tí a ń fi ọwọ́ bọ́ wáyà sí, ni a sábà fi ń jó o, ẹ̀bá ojú ìjó sì lè gan bí ó bá tutù lójijì. Irin lásán máa ń tẹ̀ kó tó já, èyí sì dáa fún ẹni tó ń kọ́ kéèjì àkọ́kọ́ rẹ̀. MIG, irú ìjó tí ẹ̀rọ ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, pẹ̀lú wáyà ER70S-6 ti tó fún un.

Sáré_Dáadáa kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Páìpù omi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó kù síbi bóòtù àti jíjó. Ohun kan sì tún wà tí kò yé mi: tí ọ̀pá bá ti sún mọ́ òrùlé bẹ́ẹ̀, báwo ni ọwọ́ ìjó ṣe máa dé òkè rẹ̀?

Ọmọ_Wẹ́dà kọ:

Jó o mọ́ bọ́dì, níwọ̀n bí ọkọ̀ náà ti jẹ́ ti eré. Bóòtù náà bófin mu: ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóòtù M8 mẹ́ta ó kéré tán, tí ìpele agbára rẹ̀ jẹ́ 8.8. Ṣùgbọ́n bí o bá lo bóòtù tàbí o jó o, pátákó irin abẹ́ ẹsẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí páìpù bá dúró lé e lásán, yóò gún un bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀pá gún ewé kókò, kéèjì yóò sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òrùlé lórí ẹ. Òfin ní kí irin pẹlẹbẹ náà nípọn mílímítà 3, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120 níbùú lóròó, bí àpẹẹrẹ 10 × 12, kí a sì jó o mọ́ bọ́dì. Èmi kì í jẹ́ kó dúró sórí ilẹ̀ nìkan. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kó gun etí ìsàlẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ló lágbára jù nínú bọ́dì. Kọ́kọ́ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi funfun. Ibi tó bá ti jẹrà, gé e jù, kó o fi irin tuntun dí i.

Ní ti òkè, ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń lò. Gé ihò sílẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kéèjì máa wà, kí ihò náà kéré sí irin pẹlẹbẹ tí yóò bò ó. Jẹ́ kí kéèjì sọ̀ kalẹ̀ gba inú ihò náà. Àyè yóò wá ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti òrùlé, wàá sì lè jó òkè yíká pátápátá. Tó o bá parí, gbé e gòkè padà, fi irin pẹlẹbẹ bo ihò, kó o wá jó ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Má ṣe fi ẹ̀yìn tó kọjú sí òrùlé sílẹ̀ láìjó torí pé ojú kò tó o. Ojú ìjó tí kò yíká, ibẹ̀ ni yóò ti là.

Fi tákì, ìjó kéékèèké tó ṣeé gé, mú gbogbo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ná, wọn ọ́n láti igun sí igun, kó o tó jó o pátápátá, kó o sì máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kí iná má baà fà á wọ́. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ara ìkejì rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń fi wáyà dí àlàfo kò jó irin pọ̀ rárá. Kó o tó fọwọ́ kan ọkọ̀, jó àjókù páìpù méjì pọ̀, fi ayùn là á sí méjì, wo bí iná ṣe wọlé tó. Má ṣe fi ẹ̀rọ lọ ojú ìjó kó lè dán, ńṣe lo ń gé agbára rẹ̀ kúrò.

Yọ bátìrì àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kúrò, yọ táǹkì epo, ha ọ̀dà dúdú tó ń pa ariwo kúrò nílẹ̀ torí ó ń jó bí àtùpà. Kí ẹnì kan dúró tì ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpaná ní gbogbo ìgbà tí iná bá ń ṣẹ́.

Ayẹ̀wò_Ọkọ̀ kọ:

Iṣẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹnu ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àìbìkítà. Bí ọkọ̀ bá takìtì, òrùlé jìnnà sí ẹ díẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lù ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbàdí rẹ ló wà níbẹ̀ tààrà. Ọ̀pá méjì tó pàdé bí X dára: jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ páìpù odindi, kí o fi irin pẹlẹbẹ ti àwọn igun níbi tí wọ́n ti pàdé. Jẹ́ kó ga, ṣùgbọ́n ibi tó so mọ́ lókè kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì gíga ẹnu ilẹ̀kùn, kí o lè jáde. Bí òfin ẹgbẹ́ rẹ bá gbà kó o gé inú ilẹ̀kùn, ọ̀pá tó yọ síta wọnú ilẹ̀kùn fún ẹ ní àyè sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Bẹ́líìtì náà jẹ́ ara kéèjì. Jó ọ̀pá títọ́ kan dábùú ọ̀pá àgbà láti fi mú okùn èjìká. Tí o bá ń lo ìdè ọrùn HANS, tí mo rọ̀ ẹ́ pé kó o lò, okùn náà kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju dígírì 20 lọ láti èjìká sẹ́yìn. Àwọn tó ń so ó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, nígbà ìkọlù, okùn yóò fa èjìká wọn sílẹ̀, egungun ẹ̀yìn ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Bàbá_Irin kọ:

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ojú títì. Àbúrò, má ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́. Lórí pápá eré, akoto wà lórí rẹ, bẹ́líìtì alókùn mẹ́fà mú ẹ mọ́ ìjókòó, orí rẹ kò lè lọ jìnnà. Lójú títì, orí rẹ wà lásán, bẹ́líìtì lásán sì ń jẹ́ kí ara fì síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkọlù kékeré tí ìwọ ì bá ti rìn jáde nínú rẹ̀, páìpù ẹ̀gbẹ́ orí yóò sọ ọ́ di ikú. Fóòmù tí a ń fi bo páìpù, FIA 8857-2001 irú A, akoto ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ṣe é. Kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún agbárí tó wà lásán. Wá ọkọ̀ mìíràn fún ojú títì, kó o máa fi tírélà gbé èyí lọ sí pápá.

Sáré_Dáadáa kọ:

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ yìí di ti pápá nìkan. Mo ti yàwòrán rẹ̀: ọ̀pá àgbà 45 × 2.5, ọ̀pá iwájú méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ síkíríìnì sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, X lẹ́nu ilẹ̀kùn méjèèjì, X ní òrùlé. Ọ̀pá ìtìlẹ́yìn méjì ti orí ọ̀pá àgbà lọ sórí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dúró sí, dígírì 24 sí ìdúró ṣánṣán. Ọ̀pá tó dábùú ọ̀pá àgbà láti igun dé igun ni mo tẹ̀ díẹ̀ láàárín kó má baà kan ẹ̀yìn ìjókòó.

Ayẹ̀wò_Ọkọ̀ kọ:

Ó dára, àyàfi méjì tí mi ò lè jẹ́ kó kọjá. Ọ̀pá tó dábùú yẹn gbọ́dọ̀ tọ́. Èyí tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí a bá tẹ orí rẹ̀, kọ́nà rẹ̀ náà ni yóò túbọ̀ máa tẹ̀ sí i, kò ní di ohunkóhun mú. Sún ọ̀pá àgbà sẹ́yìn díẹ̀ tàbí kó o yí ìhà tí ó dábùú sí padà. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn ju mílímítà 100 lọ sí ibi tí ọ̀pá ìtìlẹ́yìn ti so, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀pá àgbà.

Ìkejì, ọ̀pá ìtìlẹ́yìn gbọ́dọ̀ tó dígírì 30, kí òun náà sì tọ́. Bí gíga láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, tìrẹ yìí lọ sẹ́yìn ní nǹkan bíi 36. Ó yẹ kó tó 46 àti díẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn ibi ṣọ́ọ̀kì, sórí férémù ẹ̀yìn, kó o fi irin pẹlẹbẹ tì í.

Tó o bá ti fi tákì mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó o tó jó o pátápátá, pe olùyẹ̀wò ẹgbẹ́ rẹ kó wá wò ó. Ó rọrùn láti gé tákì ju kéèjì tí a ti jó tán lọ.

Sáré_Dáadáa kọ:

Ẹ ṣeun. Màá ṣe àtúnṣe méjèèjì, màá sì pè é. Ìbéèrè kan ló kù: irú ọ̀dà wo ni kí n fi kùn ún?

Ọmọ_Wẹ́dà kọ:

Ọ̀dà fẹ́lẹ́, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, funfun tàbí eérú. Má lo èyí tí wọ́n ń yan nínú ààrò, ó nípọn, ó sì máa ń bo ìlà tó bá là mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìkọlù, kódà èyí tó kéré, tan iná tọ́ọ̀ṣì yíká ojú ìjó àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀dà bá ti fọ́ bí irun, ha á kúrò, kó o wo irin abẹ́ rẹ̀. Páìpù tó bá ti tẹ̀, a kì í nà án. Gé e, kó o fi tuntun rọ́pò rẹ̀.